Ta Ni Yóò Kọrin fún Davatka?

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi bú mi ní Lituania, mi ò mọ̀ pé èébú ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ní ìlú kékeré kan ní Žemaitija, ìyẹn apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, mo ń ra búrẹ́dì dúdú àti àbẹ́là. Obìnrin tó ń tajà wo àbẹ́là ọwọ́ mi, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń to ìgò wàrà.

"Davatka tuntun mà ti dé," ló wí. "Dúdú ni wọ́n ń kó wá báyìí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń kí mi káàbọ̀ ni. Ẹ wo ìyà! Ẹni tó gboyè nínú ìmọ̀ èdè ní yunifásítì, ó dúró níwájú àwọn tó ń bú u, ó ń fi eyín dá wọn lóhùn bí àlejò tí wọ́n gbé ọtí fún.

Mi ò tíì bínú tán, ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Àwọn ará ilé máa ń ní kí n jẹ́ kó lọ. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Èmi ni mo kó o. Mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, pàápàá ohun tí wọ́n ṣe sí obìnrin kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó kú, èyí tí ìyá mi kò tíì mọ̀ títí di òní.

Tré ni wọ́n bí mi sí, lábẹ́ àwọn òkè Dassa, ní apá ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn Faransé jọba lé lórí rí. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ń ro oko iṣu àti ẹ̀pà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ Kátólíìkì ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, kò sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, ẹni tó fẹ́ fi zẹ̀mijàn, ọ̀kadà ilé wa, gbé mi ti ń fọn fèrè, ó ní, "Mo ti jọ̀wọ́ rẹ. Ohun téèyàn bá ti jọ̀wọ́, kì í tún na ọwọ́ gbà á." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán ni.

Òkùnkùn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Nílé, oòrùn máa ń wọ̀ sẹ́yìn òkè, o sì mọ òkè tó wọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́hùn-ún, nígbà òtútù, kì í wọ̀ síbì kankan, ṣe ló máa ń tán. O ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ oúnjẹ ọ̀sán, o gbójú sókè, fèrèsé ti dúdú. Ojú ara rẹ lo ń rí nínú gíláàsì, tó ń wò ọ́ bí ẹni tó wà níta tó fẹ́ wọlé. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí àpáta tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì. Mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀ láàárọ̀, ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kò sí iṣẹ́ fún ẹni tó gbọ́ Faransé àti Yorùbá, tó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vytas ló gbà mí kí n máa gbé pẹ̀lú Ona, àbúrò ìyá rẹ̀, kí n máa tọ́jú rẹ̀. Arúgbó ni Ona, kò lọ́kọ rí, kò bímọ. Vytas ní ilé náà móoru. Irọ́ ni. Ó ní màá ní yàrá tèmi. Irọ́ ni, èmi àti àpò ọ̀dùnkún la jọ ń sùn. Ó ní obìnrin àlàáfíà ni Ona, pé ó kàn máa ń gbàdúrà ni. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ìdajì òótọ́ ni, òun gan-an ló sì dùn mí jù. Kò sọ̀rọ̀ àwọn àga fún mi.

Àga onígi ló yí tábìlì ká ní pálọ̀ Ona. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó rẹ̀ mí, mo jókòó sórí èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Dìde lórí Stasė!"

Mo fò sókè. Mo wo àga náà, bóyá ológbò ni mo jókòó lé.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ta ni Stasė?"

"Ẹni tó wà níbẹ̀ ni." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Fọkàn balẹ̀. Kò dùn ún. Ara rẹ fúyẹ́."

Bí fèrèsé ti dúdú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ona tan àbẹ́là, ó jókòó sí àga tirẹ̀, ó gbé orin. Orin òkú ni, orin tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Àwọn Òkè, nítorí ó ń tọ ọ̀nà tí Jésù gbà dé Kalfari. Èmi tí mo fi òkè sílẹ̀ nílé! Ẹni kan ló máa ń gbé e, àwọn yòókù á gbà á. Ona gbé ìlà kan, ó pa ẹnu dé, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró.

Ilé dákẹ́. Mo wà ní ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sílẹ̀. Ìdákẹ́ náà gùn tó ìlà orin kan gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó mi orí, ó gbé ìlà tó kàn. Tó bá jẹ́ pé ó ti gbàgbé orin ni, ojú rẹ̀ ì bá máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Ojú rẹ̀ kò wá nǹkan kan. Ó ń gbọ́ ni. Nígbà kan, ó tiẹ̀ dijú mọ́ àga kan, ó ní, "Ẹ rọra, ẹ rọra. Kò sẹ́ni tó ń lé yín."

Ọjọ́ kejì, mo pe ìyá mi.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

"Ìrọ̀lẹ́ wo? Oòrùn ṣì ń jó wa níbí. Àbí òtútù ti dì ọ́ lẹ́nu, tí mi ò gbóhùn rẹ látọjọ́ yìí?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo gbọ́ bó ṣe dá ọwọ́ dúró nínú ohun tó ń ṣe.

"Ó ń pè wọ́n, ó sì ń dúró kí wọ́n gbà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ìwọ ń rí wọn?"

"Rárá."

"Ó tó. Ṣé a ò kọ́ ọ ni? Bí wọ́n bá pe èèyàn lórí òkè tí kò rí ẹni tó pè é, kì í dáhùn. Má gba orin yẹn o. Bó dùn ju oyin lọ, pa ẹnu rẹ dé."

"Ìyá, orin ìjọ ni. Orúkọ Màríà wà nínú rẹ̀."

"Màríà mọ orúkọ rẹ. Bó bá ń wá ọ, á pè ọ́ lójúkojú. Ṣé o ti jẹun?"

Mo pa ẹnu mi dé. Àmọ́ etí kò ní ìdérí. Kí òtútù tó dé ìdajì, gbogbo orin náà ti wà nínú mi. Bí Ona bá dákẹ́, ọ̀nà ọ̀fun mi á máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, màá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń bó ọ̀dùnkún lọ́jọ́ kan ló sọ ìtàn wọn fún mi. Ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní lọ́kọ, pé àdúrà ni ọkọ àwọn. Ibikíbi tí òkú bá ti kú ní agbègbè náà, àwọn ni wọ́n ń lọ kọrin. Nígbà tí ikú wá kàn wọ́n fúnra wọn, àwọn tó kù ló ń kọrin fún ẹni tó lọ, nínú pálọ̀ yìí, títí ó fi ku Ona.

"Mo kọrin fún gbogbo wọn," ó wí. "Ta ni yóò wá kọrin fún mi?"

Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ta ni yóò ti ilẹ̀kùn.

"Bí wọn ò bá kọ ọ́ ńkọ́, Màmá?"

"Màá wà níta. Òkú tí wọn ò kọrin fún kì í rí ilẹ̀kùn. Á máa yí ilé ká, á máa wo àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ojú fèrèsé." Ó ju ọ̀dùnkún sínú omi. "Òtútù ibí yìí ò sì dára."

Láti ọjọ́ yẹn, kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti ń fa aṣọ fèrèsé.

Mo wá ìdí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bú wa bí ẹni ń wá ìdí olè. Ìwé atúmọ̀-èdè ní ẹnu àwọn ará Póláńdì ni davatka ti wá, pé dewotka ni wọ́n ń wí. Àwọn náà mú un láti inú Látìnì, devota, obìnrin tí a fi ẹ̀jẹ́ jọ̀wọ́ fún Ọlọ́run. Orí mi wú. Dévote nìyẹn ní Faransé! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ìyá mi ní yẹ̀yẹ́ lọ́jà Dassa bó bá kọ̀ láti tajà lọ́jọ́ Àìkú ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba ọ̀nà méjì, ó sì bá mi ní ibi méjèèjì.

Àwọn ará Lituania ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún onígbàgbọ́, tikintis, tó jáde láti ara ọ̀rọ̀ tiwọn fún kéèyàn gba nǹkan gbọ́. Ìyẹn ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Davatka ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹnu àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Ona sì sọ fún mi pé, nígbà tí ìjọba Rọ́ṣíà fi òfin de títẹ ìwé èdè wọn ní lẹ́tà tiwọn, irú àwọn obìnrin yìí wà lára àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní ìwé àdúrà ní bòńkẹ́lẹ́. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba tó ní Ọlọ́run kò sí dé, ló bá sọ orúkọ wọn di ẹ̀rín. Ìjọba yẹn ti lọ, ẹ̀rín náà ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú gan-an. Ní Aklampa, ìlú kan tí kò jìnnà sí tiwa, àbúrò bàbá bàbá mi obìnrin jẹ́ ìyàwó òrìṣà. Kátólíìkì ni wá, a ò sí lẹ́yìn òrìṣà náà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó láyà láti bú u. Ẹni tó bá bú u, ìdílé rẹ̀ ni yóò wá bẹ̀bẹ̀, tí yóò sì ṣètùtù. Ẹni tí a ti jọ̀wọ́, a kì í fi ṣeré. Ọ̀rọ̀ kan náà ni devota wọn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀, wọ́n da ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ nù.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Obìnrin náà rí mi, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀.

"Davatka, àbẹ́là àbí búrẹ́dì?"

"Méjèèjì," mo wí. "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá?" Mo tò ó fún wọn láti Látìnì dé Póláńdì dé orí káńtà wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ń gbọ́.

"Ẹ gbọ́ o, ó ti wá kọ́ wa ní èdè wa!"

"Èdè yín kọ́. Ẹ yá a ni, ẹ ò sì tọ́jú rẹ̀."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe èmi ló ń rín. Obìnrin náà pọ́n bí ata, ó di búrẹ́dì fún mi. Ìṣẹ́gun mi nìyẹn. Ó kéré, ṣùgbọ́n mo gbé e délé ní mímóoru ju búrẹ́dì lọ.

Mo máa ń ronú nígbà náà pé kí ni èmi gan-an. Ará Dassa ni mí, ṣùgbọ́n bí mo bá pe ilé, ọ̀rọ̀ àwọn tí mi ò mọ̀ ni wọ́n ń sọ, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mi ti ń sáré. Mo ń gbé Lituania, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ibẹ̀ ní ọjọ́ tí yóò kú. Ṣé kì í ṣe bí ẹni tó dúró síta nìyẹn, tó ń wo àbẹ́là àwọn ẹlòmíràn? Nínú gbogbo ilẹ̀ náà, ibì kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n ti ń sún àyè fún mi: pálọ̀ Ona. Ó ti ní kí n máa gbé àpótí ìdáná wá jókòó láàárín àga méjì. "Wọ́n ti sún díẹ̀," ó wí.

Lẹ́yìn Àjíǹde, ó dùbúlẹ̀, kò lè dìde mọ́. Mo lọ bá àlùfáà ìjọ, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tẹ fóònù bí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní òun á ṣe Máàsì, ṣùgbọ́n àwọn akọrin àtijọ́ ti tán. Mo lọ láti ilé dé ilé. Ẹni kan ṣílẹ̀kùn, ó rí mi, ó tì í. Obìnrin oníbúrẹ́dì wolẹ̀, ó ní, "Ìyá mi ló mọ orin yẹn. Èmi kò kọ́ ọ." Mo ní kó wá jókòó lásán, ó ní òun á rí i. Kò rí i. Mo pe Vytas.

"A máa fi rẹ́kọ́ọ̀dù sí i," ó wí. "Ohùn tó mọ́ gaara. Kí lo tún fẹ́?"

"Ẹni tó ń mí ni mo fẹ́."

"Ìwọ kọ ọ́ nígbà náà. Davatka ni ìwọ náà, àbí?"

Mo gé ìpè náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ona ti gbọ́ láti orí ibùsùn.

"Ṣé wàá kọ ọ́?" ó béèrè.

"Màmá, wọ́n kà á léèwọ̀ fún mi nílé. A kì í bá ohùn tí a kò rí kọrin."

Kò jà. Ó yíjú sí fèrèsé. "Jọ̀ọ́, má fa aṣọ yẹn dé," ó wí. "Kí n lè máa rí yín."

Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́. Mo wẹ̀ ẹ́, mo wọ aṣọ dúdú rẹ̀ fún un, èmi àti Vytas gbé e sí pálọ̀. Ó ní ọ̀sán náà ni àwọn agbókùú ń bọ̀, wọ́n á lọ sun ún ní ìlú ńlá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àyè títí wọ́n á fi dé. Ó wo àwọn àga, ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, òjò nìkan ló wọlé.

Mo pe ìyá mi. Èmi tí kì í sunkún lórí fóònù, mo sunkún.

"Kò sẹ́ni kankan?" ó wí. "Òkú ọmọ ènìyàn? Ìlú wo nìyẹn?"

"Ìyá, ẹ ní kí n má..."

"Mo ní kó o má gba orin ẹni tí o kò rí. Àwa ńkọ́? O mọ̀ wá." Mo gbọ́ tó ń pariwo sí àwọn obìnrin ìjọ tó ń bá a pa ẹ̀pà ní àgbàlá. "Ẹ fi ẹ̀pà yẹn sílẹ̀! Òkú wà nílẹ̀!" Ó padà sí mi. "Gbé e. A ò mọ ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n a óò gba ohùn, a óò fi ọ̀rọ̀ tiwa sí i."

Mo gbé fóònù sójú fèrèsé lẹ́yìn mi, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo tan àbẹ́là, mo kọjú sí Ona, mo gbé ìlà àkọ́kọ́.

Wọ́n gbà á! Wọ́n gbà á ní Ìdáàṣà, èdè ilé wa, tagbáratagbára, ẹni kan ń wúkọ́, ewúrẹ́ kan ń ké, ìyá mi sì ṣi ohùn bó ti máa ń ṣi í. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín lójú òkú. Mo gbé ìkejì, wọ́n gbà á. Bí a ti ń lọ, wọ́n mọ̀ ọ́n sí i. Ewúrẹ́ dákẹ́, ikọ́ dákẹ́. Ohùn wọn fà, ó wọnú ara wọn, ó rọra bí omi abẹ́ yìnyín. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn obìnrin Tré yìí mà yára kọ́ nǹkan o. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí n tó ṣàkíyèsí pé Ìdáàṣà kọ́ ni wọ́n ń sọ mọ́. Èdè Lituania ni, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, wọn kò ṣi ẹyọ kan. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo kọ ọ́ tán.

Àwọn agbókùú wá, wọ́n gbé e lọ. Vytas kò wọlé, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́, kò sì lè wo àga kankan. Nígbà tí mọ́tò wọn lọ tán, fóònù dún.

"Ọmọ mi, dárí jì wá." Ìyá mi ń mí hẹlẹ. "Ìlà kẹta la ṣì gbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já. A pè títí, kò lọ. Gbogbo wa sunkún níbí. Ṣé ìwọ nìkan lo wá kọ ọ́ parí?"

Èmi tí mo ti ka irọ́ gbogbo ayé sílẹ̀ fún yín, ẹ gbọ́ èyí tí mo pa.

"Rárá, Ìyá. Àwọn aládùúgbò wá gbà á."

"Wọ́n wá? Ẹ kò rí i! Ọlọ́run á ṣojú fún wọn. Wọn ò ní ṣe aláìrí ẹni tí yóò kọrin fún àwọn náà."

"Àmín," mo wí, nínú pálọ̀ tó ṣófo.

Èmi nìkan kọ́ ni mo kọ ọ́ parí. Mo sì dá ohùn kan mọ̀ nínú wọn, ohùn tó kọ́ mi ní orin náà.